Hóró oògùn tó ní wúrà, iyùn àti mẹ́kúrì: ohun tó wà nídìí awuyewuye lórí rinchen rilbu ilẹ̀ Tibet

Alẹ́ ni ètò rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lò ó á tú aṣọ sílíkì kékeré tí wọ́n fi wé hóró oògùn náà. Òwú aláwọ̀ márùn-ún ni wọ́n fi so ó lọ́rùn, wọ́n sì fi ìda dí ojú rẹ̀. Hóró kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó dúdú, ó le, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju èkùrọ́ lọ. Á fọ́ ọ sínú ife tó mọ́, á da omi gbígbóná lé e lórí, á wá fi aṣọ bo ife náà kí ìmọ́lẹ̀ má baà kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀, á fi ìka tí à ń wọ òrùka sí rò ó pọ̀, á ké pe Sangye Menla, Búdà tó jẹ́ oníwòsàn, á gbé e mu, á sì padà sábẹ́ ìbora kí ara rẹ̀ lè móoru. Lọ́jọ́ náà, kò ní jẹ ẹran, kò ní jẹ ẹyin, kò ní fẹnu kan ọtí tàbí aáyù, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sún mọ́ ọkọ tàbí aya rẹ̀.

Rinchen rilbu lorúkọ oògùn yìí lédè àwọn ará Tibet. Rinchen ni ohun iyebíye, rilbu ni hóró. Oríṣiríṣi ló wà. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Ratna Samphel, tí èròjà 70 wà nínú rẹ̀: péálì, wúrà, fàdákà, òkúta ilà-ilà tí wọ́n ń pè ní dzi, safírọ́ọ̀nù, àti ewé òun egbò lóríṣiríṣi. Yunying 25 wà, tó gba orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ túkọ́ìsì àtijọ́, òkúta aláwọ̀ ojú ọ̀run. Jumar 25 náà wà, iyùn sì ni aṣáájú èròjà inú rẹ̀. Iyùn tí àwọn ọba tiwa ń so mọ́rùn fún ọlá, àwọn oníṣègùn Tibet ń lọ̀ ọ́ di ẹ̀tù, wọ́n ń gbé e fún aláìsàn mu.

Bó bá jẹ́ pé orí iyùn àti péálì lọ̀rọ̀ náà mọ, kò sẹ́ni tí ì bá máa bá ara wọn fa ọ̀rọ̀. Ohun tó dá awuyewuye sílẹ̀ ni ẹ̀tù dúdú kan tí wọ́n ń pè ní tsothel, tó jẹ́ ọkàn àwọn tó lágbára jù nínú àwọn oògùn yìí. Mẹ́kúrì ni wọ́n fi ṣe é, mẹ́kúrì kan náà tí ìjọba ń kìlọ̀ fún wa pé ó wà nínú àwọn ìpara ìbóra kan, tó sì ti ba kíndìnrín àti ọpọlọ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ lágbàáyé. Àwọn dókítà òyìnbó ní májèlé ni, kò sí bí wọ́n ṣe ṣe é tí kò ní jẹ́ májèlé. Àwọn oníṣègùn Tibet ní ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ti ṣe sí i kó tó di oògùn. Láàárín àwọn méjèèjì, ọjà ń tà. Lójú tèmi, ọjà yìí ló yẹ ká máa wò jù, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀.

Ibi tó ti wá

Ìṣègùn ilẹ̀ Tibet ń jẹ́ Sowa Rigpa, ìyẹn ìmọ̀ ìwòsàn. Ìwé tó jẹ́ òpó rẹ̀ ni Gyüshi. Yuthok Yonten Gonpo, oníṣègùn kan tó gbé ayé ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá, ni wọ́n ń ka ìwé náà sí lọ́rùn. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ohun mẹ́ta ló ń gbé ara ró: lung tó dà bí afẹ́fẹ́, tripa tó jẹ mọ́ òróòro àti ooru, àti beken tó jẹ mọ́ omi àti ìtutù. Àìsàn dé nígbà tí ọ̀kan bá gbéra ga ju ìyókù lọ. Oníṣègùn wọn, tí wọ́n ń pè ní amchi tàbí menpa, á fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ aláìsàn láti gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń sọ, á fi igi kékeré lu ìtọ̀ òwúrọ̀ rẹ̀ nínú abọ́, á wá máa wo àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀, àti bí ìfófòó orí rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó túká. Ó lè jẹ́ oúnjẹ nìkan ló máa kọ́kọ́ yí padà fún un. Ó lè jẹ́ àgúnmu. Rinchen rilbu kì í ṣe oògùn tí èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú mẹ́kúrì gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà wọlé. Ìtàn wọn sọ pé Orgyenpa Rinchen Pal, tó gbé ayé láàárín ọdún 1230 sí 1309, ló rìnrìn àjò lọ sí Oddiyana, agbègbè Swat tó wà ní Pakistan lónìí, tó sì mú ìmọ̀ náà bọ̀ wálé. Láti ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́nu dé etí, nítorí ìwé nìkan kò tó. Ẹni tó bá ti se oògùn líle rí mọ̀ pé ohun púpọ̀ wà tí ọwọ́ àti imú máa ń mọ̀, tí bíìrò kò lè kọ sílẹ̀.

Ní 1696, Desi Sangye Gyatso, tó ń ṣàkóso Tibet nígbà náà, dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Chagpori sílẹ̀ lórí òkè kan tó dojú kọ ààfin Potala ní Lhasa, olú ìlú Tibet. Ní 1916, Dalai Lama kẹtàlá, olórí ẹ̀sìn àti ìlú Tibet, dá Men-Tsee-Khang, ilé ìṣègùn àti ìwòràwọ̀, sílẹ̀ nílùú kan náà, Khyenrab Norbu ló sì kọ́kọ́ ṣe olórí rẹ̀. Nígbà tí rògbòdìyàn 1959 dé, tí àwọn ọmọ ogun Ṣáínà ń yìnbọn mọ́ Lhasa, Chagpori wó palẹ̀. Dalai Lama kẹrìnlá sá lọ sí Íńdíà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tẹ̀ lé e. Ní 1961, wọ́n tún Men-Tsee-Khang dá sílẹ̀ ní Dharamsala, láàárín àwọn ogúnléndé tí wọn ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ohun tó wà lórí wọn lọ.

Níbí ni mo ti máa ń ronú kan Tenzin Choedrak. Oníṣègùn Dalai Lama ni. Wọ́n mú un ní 1959, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́wọ̀n àti níbi iṣẹ́ àṣekúdórógbó, níbi tí ebi ti pa púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ kú. Ó dé Íńdíà ní 1980. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1982, ó darí síse tsothel ní Dharamsala, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ máa wáyé lẹ́yìn odi Tibet láti ìgbà tí wọ́n ti di ogúnléndé. Ká ní ó kú sẹ́wọ̀n, ìmọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a wọ ilẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí kò ní mọ ìdí tó fi ń dun àwọn ará Tibet tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí àlejò bá dé, tó tọ́ka sí hóró oògùn yẹn, tó ní "májèlé" kó tó béèrè ohunkóhun. Lójú wọn, ohun tí wọ́n gbà lẹ́nu ikú ni.

Bí wọ́n ṣe ń pa oró rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà nílé tí wọ́n ti ń ṣe gàrí mọ ohun tí pípa oró jẹ́. Ẹ̀gẹ́ tó korò, tí èèyàn bá hú u tó sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè pààyàn. Ṣùgbọ́n a ó bó o, a ó rin ín, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ máa ro dànù. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, a ó sẹ́ ẹ, a ó yan án. Ohun tó jẹ́ májèlé níjẹta ti di oúnjẹ. Ẹni tó bá kánjú, tó fò nínú ètò náà, ará ilé rẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀.

Bí àwọn ará Tibet ṣe ń sọ̀rọ̀ tsothel náà nìyẹn. Mẹ́kúrì lásán, ní ti wọn, ní ìpẹtà, ó ní oró, kò sì dúró sójú kan. Nítorí náà ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ní. Wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ ìpẹtà kúrò lára rẹ̀: wọ́n á pò ó mọ́ àwọn èròjà tó ń ta bí atalẹ̀, ata dúdú àti ata gígùn kan tó jẹ́ ìbátan iyèré tiwa, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fi ọwọ́ pò ó láìsinmi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sè é láti yọ oró rẹ̀, ìtọ̀ màlúù àti òróró sì wà lára ohun tí wọ́n ń lò. Níkẹyìn ni wọ́n á dè é mọ́lẹ̀. Wọ́n á ti jó irin mẹ́jọ di eérú tẹ́lẹ̀, wúrà, fàdákà, bàbà, irin gidi, idẹ àti òjé wà lára wọn, wọ́n tún ní òkúta mẹ́jọ mìíràn tí wọ́n ti tọ́jú. Wọ́n á lọ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ mẹ́kúrì náà àti imí-ọjọ́ títí ohun tó ń sáré kiri bí omi fàdákà fi máa di ẹ̀tù dúdú tó jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n á tún gbé e sínú iná. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é, àdúrà kì í sì í dá lẹ́nu wọn ní gbogbo àkókò náà.

Àwọn oníṣègùn Ayurveda ní Íńdíà, tí iṣẹ́ wọn jọ èyí, ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán eérú irin wò. Wọ́n á fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ pa á, wọ́n á wò ó bóyá ó wọ inú ìlà ọwọ́ tó fi jẹ́ pé kò ṣeé nù kúrò. Wọ́n á wọ́n díẹ̀ sójú omi tó dúró, tó bá rì, iṣẹ́ kò tíì parí. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí, nítorí ó fi hàn pé àwọn èèyàn tó ṣe é ń wá ẹ̀rí, ẹ̀rí tí agbára wọn gbé nígbà náà. Àmọ́ ohun tó wọ ìlà ọwọ́ lè kúnná dáadáa, kó sì tún ní òjé nínú. Ìka kò lè mọ ìyẹn.

Ibi tí àfiwé gàrí sì ti já nìyí. Oró inú ẹ̀gẹ́ máa ń bá omi àti ooru lọ, ó lọ nìyẹn, kò padà mọ́. Mẹ́kúrì kì í kú. Èyí tí kò bá bá èéfín lọ, inú ìkòkò ló wà síbẹ̀. Ohun tí iná àti imí-ọjọ́ ṣe fún un ni pé wọ́n fi ẹlòmíràn dè é lọ́wọ́. Gbogbo àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ju ìbéèrè kan lọ: ìdè yẹn, ṣé ó le tó láti má tú nínú ikùn èèyàn?

Mẹ́kúrì kì í ṣe ẹyọ kan

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ mẹ́kúrì bí ẹni pé nǹkan kan ṣoṣo ni. Ní Minamata, ìlú ẹ̀bá òkun ní Japan, ilé iṣẹ́ Chisso ń da ìdọ̀tí sínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mẹ́kúrì inú ìdọ̀tí náà jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní methylmercury. Ẹja jẹ ẹ́, èèyàn jẹ ẹja. Ní 1956 ni ìjọba gbà pé àìsàn kan ti bẹ́ sílẹ̀: ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú ń fọ́, ẹnu ń wúwo, àwọn ológbò ń ta gìrì bí ẹni ń jó, àwọn ọmọ sì ń ti inú ìyá wọn gba ìpalára kí wọ́n tó dáyé. Irú mẹ́kúrì yẹn ń wọ ara wẹ́rẹ́, ó sì ń wọ ọpọlọ. Mẹ́kúrì olómi, èyí tó máa ń wà nínú ohun ìwọ̀n ìbà àtijọ́, tèéfín rẹ̀ ló burú, imú ni ń gbà wọlé. Nítorí náà, ẹni tó ń se tsothel ló sún mọ́ ewu náà jù ẹni tó máa gbé e mu lọ, mi ò sì rò pé a ń sọ ìyẹn tó.

Èyí tó wà nínú tsothel ni ìkẹta: mẹ́kúrì tí imí-ọjọ́ ti dì mú, ẹ̀tù dúdú tí kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Ìfun kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á sínú ẹ̀jẹ̀, ìgbọ̀nsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń bá jáde. Lórí èyí, àwọn oníṣègùn Tibet lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá fi Minamata dẹ́rù bà wọ́n ti mú nǹkan méjì tí kò jọra pọ̀.

Àmọ́ "kì í fi bẹ́ẹ̀" kọ́ ni "kì í rárá." Díẹ̀díẹ̀ tó bá wọlé, kíndìnrín ló ń kó o jọ sí. Hóró kan nígbà tí òṣùpá bá kún, fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, tàbí ti aboyún, tàbí ti ọmọdé tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Àwọn olùwádìí kan lọ sí Dharamsala, wọ́n yẹ àwọn aláìsàn tó ń lo oògùn tó ní tsothel wò, ẹ̀jẹ̀ wọn, ìtọ̀ wọn, bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, wọn ò rí àpẹẹrẹ tó hàn gbangba pé mẹ́kúrì ti ṣe wọ́n léṣe. Ìròyìn tó dùn mọ́ni ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fúnra wọn pè é ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní kí a ṣe èyí tó gbòòrò jù ú lọ. Oògùn tí wọ́n sè lábẹ́ ojú ọ̀gá ni wọ́n sì dán wò. Kì í ṣe èyí tí ẹnì kan rà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ìdí tí mo fi ní ọjà ló yẹ ká wò

Lọ́dún 2000, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa ọmọ ọdún márùn-ún kan tí ìdàgbàsókè rẹ̀ ń fà sẹ́yìn. Òjé ló kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n tọpa rẹ̀ dé ni egbòogi kan tí wọ́n ń pè ní fítámì Tibet, tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí wọ́n fẹ́ kí ara rẹ̀ le. Ìfẹ́ ni wọ́n fi fún un. Òjé ni wọ́n fún un.

Ní 2004, àwọn olùwádìí ra oògùn Ayurveda 70 ní àwọn ṣọ́ọ̀bù agbègbè Boston. Mẹ́rìnlá nínú wọn ló ní òjé, mẹ́kúrì tàbí ásẹ́níkì. Ní 2008, wọ́n tún gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ra 193, nǹkan bí ọ̀kan nínú márùn-ún ló tún ní in. Oògùn Íńdíà lèyí, kì í ṣe ti Tibet, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná. Àwọn tó ń tà á níbẹ̀ kò tẹ ọrùn ọwọ́ ẹnikẹ́ni, wọn ò béèrè bóyá ẹni tó ń rà á lóyún. Nígbà tí oògùn bá sì gbówó lórí, ayédèrú á tẹ̀ lé e bí òjìji. Ìdí nìyẹn tí Men-Tsee-Khang fi ní láti máa lẹ àmì tó ń dán mọ́ ara páálí oògùn wọn, kí aláìsàn lè mọ èyí tó jẹ́ tiwọn. Àmì náà á sọ ibi tí hóró náà ti wá fún èèyàn. Kò lè sọ bóyá ó yẹ ẹni tó gbé e dání.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkè Himalaya lásán ni mo ń sọ. Tìróò tí àwọn ìyá wa ń lé, tí wọ́n sì ń lé fún ìkókó kí ojú rẹ̀ lè mọ́lẹ̀, ara òkúta òjé ni wọ́n ti sábà máa ń lọ̀ ọ́. Ní 2011, ní Boston kan náà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà wò, wọ́n sì rí òjé nínú rẹ̀. Tìróò tí wọ́n gbé láti ilé wá ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ó lé ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tó jẹ́ òjé. Ìyá mi lé tìróò fún mi. Mi ò lè bínú sí i, ohun tí ìyá tirẹ̀ ṣe fún un ló ṣe fún mi. Ṣùgbọ́n mi ò lé e fún ọmọ tèmi. Nígbà tí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Tibet tó wà ní New York tàbí Zurich, tí wọ́n ń ro ohun tí wọn yóò ṣe pẹ̀lú hóró dúdú tí bàbá àgbà fi ránṣẹ́ nínú sílíkì, mo mọ bó ṣe ń rí lọ́kàn wọn.

Ohun tí òfin sọ

Lọ́dún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Kumamoto láti dín mẹ́kúrì kù káàkiri ayé. Wọ́n fi orúkọ Minamata pè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ, 2017. Ṣáínà, Íńdíà àti Nàìjíríà ti wọlé sí i. Àdéhùn náà ka àwọn ọjà tó ní mẹ́kúrì tí a kò gbọdọ̀ ṣe tàbí tà mọ́: bátìrì kan, gílóòbù kan, ìpara ìbóra. Àmọ́ ó yọ àwọn ohun tí wọ́n ń lò fún ìṣe ìbílẹ̀ tàbí ti ẹ̀sìn sílẹ̀. Abẹ́ gbólóhùn kékeré yẹn ni tsothel forí pamọ́ sí.

Mo gbà pé ó yẹ kí àyè yẹn wà. Kò tọ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè tí èédú tí wọ́n ń jó ń da mẹ́kúrì sínú afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́ wá fi òfin pa ìmọ̀ àwọn ogúnléndé. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń ka àyè náà bí ẹni pé àwọn orílẹ̀-èdè yẹ oògùn náà wò tí wọ́n rí i pé kò léwu. Kò sẹ́ni tó yẹ nǹkan kan wò. Wọ́n kàn sọ pé àwọn ò ní fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ àṣà àti ẹ̀sìn ni. Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìjọba méjì tó kàn jù ní ohun mìíràn lọ́kàn. Ní 2006, Ṣáínà fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fọ mẹ́kúrì ní Lhasa sínú àkójọ àjogúnbá orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ratna Samphel, hóró tó ní èròjà 70 yẹn, wà nínú ìwé oògùn tí ìjọba wọn fọwọ́ sí, ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń ṣe é, àwọn olówó ń rà á fún ara wọn bí ẹ̀bùn. Íńdíà fi òfin gba Sowa Rigpa wọlé ní 2010, ó sì gbà ní 2019 láti dá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ fún un ní Leh, ní Ladakh. Ní 2018, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, gba ìwẹ̀ ìwòsàn Sowa Rigpa, tí wọ́n ń pè ní Lum, wọlé sínú àkójọ àjogúnbá rẹ̀ lórúkọ Ṣáínà. Íńdíà náà gbé Sowa Rigpa lọ síwájú UNESCO lórúkọ tirẹ̀, inú Ṣáínà kò sì dùn sí i. Ìjà ta ló ni ín ni wọ́n ń jà. Ìjà yẹn kò mú kí àyẹ̀wò kan ṣoṣo wáyé lára aláìsàn kan.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti yọ mẹ́kúrì àti irin kúrò pátápátá. Ìdílé Badmayev, àwọn ará Buryat, ẹ̀yà kan ní Siberia, tó kọ́ ìṣègùn Tibet, gbé e dé St. Petersburg láyé àwọn Tsar, ìyẹn àwọn ọba Rọ́ṣíà. Àwọn ìlànà ìpoògùn wọn ló pàpà dé Switzerland, níbi tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ Padma sílẹ̀ ní 1969. Padma 28, tí wọ́n ń lò fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn dáadáa sí ẹsẹ̀ wọn, ewé àti egbò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, káfúrà díẹ̀, kò sí mẹ́kúrì, wọ́n sì ti dán an wò lára èèyàn bí wọ́n ṣe ń dán oògùn ilé ìwòsàn wò. Àwọn amchi kan ní ìyẹn ti dára. Àwọn mìíràn ní oògùn tí tsothel kò sí nínú rẹ̀ lè wo àìsàn kékeré, kò lè dé ibi tí rinchen rilbu ń dé. Mi ò lè dá wọn lẹ́jọ́. Ohun tí Padma fi hàn ni pé ìṣègùn Tibet lè jókòó síwájú àyẹ̀wò láìsá.

Wàhálà mìíràn tún ń bọ̀ láti ibi tí a kò fojú sí. Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ti fòfin de gbígbé mẹ́kúrì lọ sókè òkun láti 2011, Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù kìíní 2013. Bí ọjà rẹ̀ ṣe ń fún, ó ń nira sí i láti rí mẹ́kúrì tó mọ́ rà, àwọn oníṣègùn sì ní mẹ́kúrì tí kò mọ́ kì í gbọ́ràn sí iná.

Tí irú hóró yìí bá wà nílé rẹ, bóyá o rìnrìn àjò lọ sí Íńdíà tàbí Nepal ni o, tàbí ọ̀rẹ́ kan fi ta ọ́ lọ́rẹ, má fún ọmọdé, má fún aboyún tàbí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, má sì fún ẹni tó ní àrùn kíndìnrín. Tí o bá ti ń lò ó, sọ fún dókítà rẹ, kí o sì mú páálí rẹ̀ lọ hàn án. Kò yẹ kí ojú tì ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ òjé, ìtọ̀ ni wọ́n fi ń mọ irú mẹ́kúrì yìí, àyẹ̀wò méjèèjì kò sì le. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n fà lára ọmọ oṣù mẹ́fà yẹn ní Boston ló jẹ́ kí wọ́n tètè mọ̀ pé tìróò ni, wọ́n sì ní kí àwọn òbí rẹ̀ má lé e fún un mọ́.